Bí Sítúdíò Ṣe Padà Wálé

Àwọn àgbà a máa wí pé ẹyin lohùn, bí ó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Bí ọ̀ràn orin ti rí gẹ́lẹ́ nìyí lọ́wọ́ ẹni tí ń kọ ọ́ àti lọ́wọ́ ẹni tí ń gbà á sílẹ̀, fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún lẹ́yìn tí Thomas Edison ti dá ọgbọ́n ní 1877, tí ó mú ohùn ènìyàn, tí ó dè é mọ́ ara àgbá kékeré tí a fi tánńganran fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé. Nítorí pé bí ohùn bá ti wọ ara àgbá tàbí ara àwo tán, kò sí ẹni tí ó lè yọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kúrò níbẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè fi ègbè kan kún un, bí onílù kan bá sì ṣi ọwọ́ lù nígbà tí orin kù díẹ̀ kó parí, àfi kí gbogbo agbo padà sí ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tún un kọ látòkèdélẹ̀. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ ni ti bí ọmọ aráyé ṣe gba agbára àtipadà sẹ́yìn nínú orin, àti bí agbára náà, tí ó kọ́kọ́ yọjú nínú ilé olórin kan ṣoṣo, ṣe ṣí lọ sọ́dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá, tí ó sì pẹ́ níbẹ̀, kí ẹ̀rọ kan tí ń fi háàdì dísìkì pa orin mọ́ tó mú un padà wálé ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Ẹ̀rọ náà kò pẹ́ lórí oyè, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ tí ń gba orin sílẹ̀ lónìí kò sì gbúròó rẹ̀ rí. Èyí dùn mí, nítorí ẹni tí ó bá mọ ohun tí ó ṣe yóò gbà pé kò yẹ ní ohun ìgbàgbé.

Láyé àtijọ́, olórin ni ó sábà máa ń tọ ẹ̀rọ lọ, ẹ̀rọ kì í sábà tọ olórin wá. Nígbà tí Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta fẹ́ kí orin ìyìn rẹ̀ wọ ara àwo ní àwọn ọdún 1920, òkun ni ó là kọjá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ Zonophone. Nígbà tí ó sì di 1982, tí ilé-iṣẹ́ Island gbé jùjú Sunny Adé jáde fún gbogbo ayé nínú àwo tí wọ́n pè ní Juju Music, Lomé ní ilẹ̀ Tógò ni wọ́n ti gba orin náà sílẹ̀. Ó tó ọgọ́ta ọdún láàárín ìrìn-àjò kìíní àti èkejì, àṣà kan náà ni àwọn méjèèjì sì tẹ̀ lé: ibi tí ẹ̀rọ bá fìdí kalẹ̀ sí ni orin ń gbà lọ, ẹni tí ó ni ẹ̀rọ ni ó sì ń ka wákàtí.

Ọkùnrin kan wà ní Amẹ́ríkà tí kò gba àṣà yìí gbọ́. Lester William Polsfuss ni orúkọ àbísọ rẹ̀, Waukesha ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ni wọ́n ti bí i ní 1915, ṣùgbọ́n Les Paul ni ayé mọ̀ ọ́n sí: Les Paul alágbẹ̀dẹ ohùn, ọ̀kan ṣoṣo tí ó ju agbo lọ, ọkùnrin tí ó ta gìtá ẹni mẹ́jọ, tí a wá àwọn méje yòókù títí tí a kò rí wọn. Nínú gáréèjì ilé rẹ̀ ní Hollywood ni ó kọ́ sítúdíò sí. Irin róbótó inú ẹ́ńjìnnì mọ́tò Cadillac ni ó sì fi ṣe ẹ̀rọ tí ń fín ohùn sára àwo. Ọ̀nà tí ó ń gbà ṣiṣẹ́ gba sùúrù ju ti ẹni tí ń ka iyanrìn etí òkun. Yóò ta gìtá kan sára àwo àkọ́kọ́. Yóò gbé àwo náà sórí ẹ̀rọ, yóò máa gbọ́ ọ, yóò sì máa ta gìtá kejì tẹ̀ lé e, àwo mìíràn yóò sì gba àpapọ̀ àwọn méjèèjì. Láti orí àwo yìí ni yóò tún ti bọ́ sí òmíràn, títí agbo gìtá yóò fi pé. Báyìí ni ó ṣe ṣe orin rẹ̀ kan tí ń jẹ́ “Lover”, tí ó jáde ní 1948, tí ó jẹ́ pé gìtá mẹ́jọ ni ó wà nínú rẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé ọwọ́ kan náà ni ó ta gbogbo wọn. Ní oṣù kìíní ọdún náà gan-an ni mọ́tò rẹ̀ já bọ́ láti orí afárá ní ìpínlẹ̀ Oklahoma, tí apá rẹ̀ ọ̀tún fọ́ yángá. Nígbà tí àwọn dókítà sì sọ fún un pé ìgbọ̀nwọ́ náà kò ní lè tẹ̀ mọ́ láéláé, ó bẹ̀ wọ́n pé bí yóò bá le gan, kí wọ́n jẹ́ kí ó le sí ipò tí apá ń wà bí a bá gbé gìtá mọ́yà. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ènìyàn tí ó kọ́kọ́ la ọ̀nà tí à ń tọ̀ lónìí.

Téèpù ni ó gbà á lọ́wọ́ ìyà àwo. Àwọn ará Jámánì ni wọ́n kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ téèpù dáadáa, ilé-iṣẹ́ AEG sì ti gbé ẹ̀rọ Magnetophon síta ní ìpàtẹ Berlin ní 1935. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ọmọ ogun Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Jack Mullin kó méjì nínú rẹ̀ wá sí ìlú rẹ̀, ó sì fi han àwọn ènìyàn ní San Francisco ní 1946. Gbajúmọ̀ akọrin nì, Bing Crosby, gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ti mọ́ tó, ó fi 50,000 dọ́là ran ilé-iṣẹ́ kékeré kan tí ń jẹ́ Ampex lọ́wọ́ kí wọ́n lè máa ṣe irú rẹ̀, ó sì fún Les Paul ní ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́ ní 1949. Les Paul wo ẹ̀rọ náà sọ́tùn-ún sósì, ó ní kí wọ́n fi orí kan kún àwọn orí tí ń ka téèpù lára rẹ̀. Orí tuntun yìí ni ó ń ka ohun tí ó wà nílẹ̀ kí orí mìíràn tó pa á rẹ́, tí èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ yóò sì wọlé pẹ̀lú àtijọ́. Òun àti Mary Ford, ìyàwó rẹ̀, gbé ẹ̀rọ yìí kiri ilé àti hòtẹ́ẹ̀lì. Nígbà tí “How High the Moon” sì jáde ní 1951, Mary nìkan ṣoṣo ni adarí, òun náà sì ni gbogbo ẹlẹ́gbè.

Ṣùgbọ́n ewu ń bẹ lóko Lóńgẹ́, Lóńgẹ́ fúnra rẹ̀ ewu ni. Ohun tí ó wà tẹ́lẹ̀ ń parẹ́ bí tuntun ti ń wọlé, nítorí náà bí ó bá ta gìtá kẹfà tí ìka rẹ̀ sì yọ̀, márùn-ún ìṣáájú ti lọ nìyẹn. Ìpele kọ̀ọ̀kan tí ó bá sì gùn orí èkejì ń mú kí ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ túbọ̀ ṣú, ó sì ń dá ariwo kún un. Les Paul ronú kan ọ̀nà àbáyọ: kí tíráàkì púpọ̀, ìyẹn ojú ọ̀nà ohùn, máa sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí téèpù kan náà, kí olúkúlùkù sì dá dúró. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà: orí tí ń kọ ohùn àti orí tí ń ka ohùn kò sí lójú kan náà lára ẹ̀rọ, nítorí èyí ohun tí olórin bá ń gbọ́ yóò máa kẹ́yìn ohun tí ó ń kọ. Ross Snyder àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ampex ni wọ́n tú ìdí ọ̀ràn yìí, wọ́n ṣe é tí orí akọ̀hùn fi lè máa ka àwọn tíráàkì àtijọ́ nígbà tí ó ń kọ tuntun. Ní 1957 ni wọ́n gbé ẹ̀rọ onítíráàkì mẹ́jọ àkọ́kọ́ fún Les Paul, ó sì ná an ní 10,000 dọ́là. Ilé rẹ̀ ní Mahwah, ìpínlẹ̀ New Jersey, ni ó gbé e sí.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí, nítorí ibí yìí ni ọ̀pọ̀ òpìtàn ti ń sáré kọjá. Ẹ̀rọ onítíráàkì mẹ́jọ àkọ́kọ́ tí a tà kò lọ sí ilé-iṣẹ́ ńlá kankan. Inú ilé tí olórin ń gbé, tí ó ti ń jẹun, tí ó ti ń sùn, ni ó lọ. Nígbà tí àwọn ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀ gbígba orin sílẹ̀ nínú ilé gẹ́gẹ́ bí àbúrò sítúdíò, gẹ́gẹ́ bí eré àwọn tí kò rí owó san, wọ́n ń fi ẹ̀gbọ́n ṣe àbúrò. Ilé ni a ti bẹ̀rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ Atlantic ra èyí tí ó tẹ̀ lé e, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé wọn díẹ̀díẹ̀, títí ẹ̀rọ náà fi tóbi ju ẹnu ọ̀nà ilé mẹ̀kúnnù lọ, tí owó rẹ̀ sì ga ju àjà lọ. Èmi kò ní pẹ́ lórí apá yìí, nítorí ìwé ti pọ̀ lórí rẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni ilé-iṣẹ́ TEAC ti Japan ti ń ta téèpù onítíráàkì mẹ́rin tí ènìyàn lè gbé sórí tábìlì, ṣùgbọ́n 1979 ni ọ̀nà là gaara, nígbà tí TASCAM, tí í ṣe ọmọ ilé TEAC, mú kásẹ́ẹ̀tì lásán, irú èyí tí gbogbo ayé fi ń gbọ́ orin nínú mọ́tò, tí ó sọ ọ́ di onítíráàkì mẹ́rin nínú ẹ̀rọ tí ó pè ní Portastudio 144, tí míksà tí ń da ohùn pọ̀ wà lára rẹ̀, tí owó rẹ̀ kò sì pé 1,500 dọ́là. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kìíní ọdún 1982, Bruce Springsteen jókòó nínú yàrá kan nínú ilé tí ó ń gbé ní Colts Neck, New Jersey náà ni, ó kọ orin tuntun sínú ẹ̀rọ yìí pẹ̀lú gìtá, fèrè ẹnu àti ohùn rẹ̀, ó fẹ́ kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ fi kọ́ orin náà kí wọ́n tó lọ gbà á sílẹ̀ dáadáa. Wọ́n lọ sí sítúdíò lóòótọ́, wọ́n gbìyànjú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀mí tí ó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì kò bá wọn lọ. Kásẹ́ẹ̀tì náà ni wọ́n sì tẹ̀ jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, tí ó di àwo Nebraska.

Ẹni tí ó bá ti fi tíráàkì mẹ́rin ṣiṣẹ́ mọ ohun tí à ń pè ní ìrora yíyàn. Bí mẹ́ta bá kún, a ó da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sínú ẹ̀kẹrin kí àyè lè ṣí sílẹ̀ fún ohùn mìíràn. Ìlù, gìtá àti ègbè tí ó ti dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ yóò wá di ọ̀kan, kò sì sí agbára tí ó tún lè yà wọ́n nípá mọ́. Àwọn Beatles pàápàá, pẹ̀lú gbogbo ọlá wọn, irú ìyà yìí ni wọ́n jẹ nígbà tí wọ́n ń ṣe Sgt. Pepper ní 1967, nítorí ẹ̀rọ onítíráàkì mẹ́rin ni wọ́n ń lò. Bí ó bá di ọjọ́ kejì tí o sì rí i pé ìlù ga jù, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Ilé-iṣẹ́ Alesis ti Amẹ́ríkà sọ nínú oṣù kìíní 1991 pé òun yóò gbé ADAT jáde, ó sì dé ọjà ní 1992: tíráàkì mẹ́jọ ni, ohùn di òǹkà nínú rẹ̀, téèpù fídíò S-VHS ni ó ń lò, owó rẹ̀ sì wà ní 3,995 dọ́là. Nítorí pé òǹkà ni ohùn náà, a lè dà á kọ láti orí téèpù kan sí òmíràn láìjẹ́ pé ó ṣú. Ìdààmú kan ni ó kù, èyí tí ó sì kù náà ni ó tóbi jù: téèpù ṣì ni. Téèpù dà bí ọ̀nà oko tóóró, bí ẹ̀gẹ́ tí o fẹ́ wà bá wà ní ìparí oko, gbogbo ebè tí ó wà láàárín ni ìwọ yóò kọjá lára rẹ̀ ní àlọ àti ní àbọ̀. Olórin yóò máa dúró kí ẹ̀rọ yí padà sẹ́yìn, ooru inú rẹ̀ yóò sì máa tutù.

Háàdì dísìkì kò gba ọ̀nà oko. Àwo irin ni, ó ń yí pẹ̀lú eré líle, orí kékeré kan sì ń fò lókè rẹ̀ láìfara kàn án, tí ó lè ti etí àwo bọ́ sí àárín rẹ̀ kí ojú tó ṣẹ́. Nígbà tí IBM gbé àkọ́kọ́ irú rẹ̀ jáde ní 1956, àádọ́ta àwo ni ó wà nínú rẹ̀, fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ínṣì 24, bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà mílíọ̀nù 5 péré ni gbogbo rẹ̀ lè gbà; bí ó bá jẹ́ orin ni a kó sínú rẹ̀ bí a ti ń ṣe é lóde òní, kò ní gba ìṣẹ́jú kan fún tíráàkì kan ṣoṣo. Ogójì ọdún ni ó gbà kí agbára rẹ̀ tó pọ̀ tó kí ara rẹ̀ sì kéré tó. Láàárín ìgbà náà, àwọn ọlọ́gbọ́n kan ti fi ṣe iṣẹ́ orin: Thomas Stockham àti ilé-iṣẹ́ Soundstream rẹ̀ ní Salt Lake City ti ń fi kọ̀ǹpútà gé orin, tí wọ́n ń so ó, ní ìparí àwọn ọdún 1970, Digidesign sì gbé Pro Tools jáde ní 1991, ṣùgbọ́n owó wọn kò jẹ́ ti olórin inú yàrá.

Ní 1996 ni Roland, ilé-iṣẹ́ tí Ikutaro Kakehashi dá sílẹ̀ ní Osaka ní 1972, gbé VS-880 kalẹ̀. Àpótí pẹlẹbẹ kan tí a lè fi apá kan gbá mọ́ra. Fédà, àwọn ọwọ́ kékeré tí a fi ń gbé ohùn sókè sódò, tò lójú rẹ̀, háàdì dísìkì wà nínú rẹ̀, míksà wà nínú rẹ̀, kò sì béèrè kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí olórin bá ti fi ẹnu kan máìkì, ẹ̀rọ yóò wọn ohùn rẹ̀ ní ìgbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, yóò sì kọ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òǹkà. Tíráàkì mẹ́jọ ni a lè gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, mẹ́jọ ni a lè kó pamọ́, tí gbogbo rẹ̀ fi di 64. Èyí ni pé akọrin lè kọ orin kan náà ní ìgbà mẹ́jọ, kí ó tọ́jú gbogbo rẹ̀, kí ó sì mú ẹsẹ̀ kìíní láti inú ìgbà kẹta, kí ó mú ìparí láti inú ìgbà keje. Ohùn gan-an kọ́ ni a ń gé nígbà tí a bá ń gé nǹkan nínú ẹ̀rọ yìí. Ohùn wà níbi tí ó wà lórí àwo, mìmì kan kò mì ín. Àkọsílẹ̀ tí ó ń sọ fún ẹ̀rọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà àti ibi tí yóò dúró sí ni a ń tún kọ. Nítorí náà bí a bá ṣe àṣìṣe, bọ́tìnnì kan ni a ó tẹ̀, ohun gbogbo yóò sì padà sí bí ó ti wà; ìgbà 999 ni ẹ̀rọ náà gbà pé kí a tẹ̀ ẹ́.

Mo gbà gbọ́ pé ibí yìí ni ayé olórin ti yí padà ju ibikíbi lọ nínú ìtàn yìí, ju ọjọ́ tí ADAT dé, ju ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà gba ipò lọ. Láti orí gìtá mẹ́jọ Les Paul títí dé orí kásẹ́ẹ̀tì, ìbẹ̀rù ni olùkọ́ iṣẹ́ yìí: o kò gbọdọ̀ ṣì í, bí o bá ṣì í, o ti ba ohun tí ó ṣáájú jẹ́. Ẹni tí ó ń kọrin lóru nínú yàrá rẹ̀ ní Osaka tàbí ní Chicago, tí ó gbé ẹ̀rọ ìgbọ́hùn sétí kí ó má bàa jí ọmọ tí ń sùn, wá lè dán ohun tí kò dá a lójú wò, kí ó gbé ègbè gba ọ̀nà tí kò gbà rí, nítorí ó mọ̀ pé ohun àná wà láìpalára. Ohùn tí ó bọ́ sílẹ̀ kò fọ́ mọ́.

Síbẹ̀ n kò ní gbé orin gun orí òkè kí n má sọ ohun tí ó sọnù lójú ọ̀nà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà; orin tiwa nílẹ̀ Yorùbá, láàárín lílé àti ègbè ni ó ń gbé, ìyáàlù a máa sọ̀rọ̀, omele a máa dá a lóhùn, ojú onílù a sì máa wà lẹ́nu akọrin. Bí a bá gba ìyáàlù sílẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, tí a gba omele lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tí akọrin sì wá dá kọ tirẹ̀ lọ́jọ́ Rú, gbogbo wọn lè bá ara wọn mu ní ìṣísẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni ó fún ta ni lésì? Ohun kan tún wà tí ẹ̀rọ náà gbà láàyè tí ó ń kọ mí lóminú: a lè kọ ègbè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí a wá dà á kọ síbi gbogbo tí ègbè bá kàn. Ègbè tí ó tẹ̀ lé ẹsẹ̀ kẹrin kò yẹ kí ó jẹ́ èyí tí ó tẹ̀ lé ẹsẹ̀ kìíní gan-an, nítorí àwọn ẹlẹ́gbè ti gbọ́ ìtàn náà jìnnà láàárín méjèèjì. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀rọ yìí tí ó ṣì ń kọ gbogbo ègbè rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, olórin ni mo pè é.

Ẹ̀rọ náà ní ìṣòro tirẹ̀ pẹ̀lú. Ìṣẹ́jú kan orin lórí tíráàkì kan ń gba báìtì tí ó lé ní mílíọ̀nù 5. Bí tíráàkì mẹ́jọ bá ń ṣiṣẹ́, ìṣẹ́jú kan ti jẹ mílíọ̀nù 42, háàdì dísìkì tí ó gba gígábáìtì 1 kò sì ní ju ìṣẹ́jú 23 lọ tí yóò fi kún. Ìdí nìyí tí Roland fi dá ọgbọ́n fífún ohùn pọ̀ kí ó lè gba àyè díẹ̀, àwọn tí etí wọn mú sì ń jiyàn lórí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Dísìkì a máa hó nínú yàrá tí máìkì wà, bí orin bá sì rọra, máìkì yóò gbọ́ ọ. Èyí tí ó burú jù lọ ni pé irin tí ń yí kò lè ṣàì dáwọ́ dúró lọ́jọ́ kan. Ẹni tí kò bá da orin rẹ̀ kọ sórí nǹkan mìíràn lálaalẹ́ lè jí lówùúrọ̀ kí ó bá àpótí òfìfo.

VS-1680 tẹ̀ lé VS-880 ní 1998 pẹ̀lú tíráàkì 16. Yamaha gbé AW4416 jáde ní 2000. Alesis alára fi téèpù sílẹ̀ ní 2001, ó gbé ADAT HD24 wá, tíráàkì 24 ni, dísìkì rẹ̀ sì ṣeé fà yọ bí ẹni fa àpótí tábìlì. TASCAM ṣe 2488 ní 2004. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ti ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí kọ̀ǹpútà ilé ti ń lágbára, tí ojú rẹ̀ sì fẹ̀ ju ojú gíláàsì tóóró àwọn àpótí wọ̀nyí lọ, olórin ń ta àpótí rẹ̀, ó ń ra kọ̀ǹpútà. Àwọn tí wọ́n ṣì fẹ́ àpótí sì rí i pé káàdì ìrántí tí kò tó àtàǹpàkò ti gba ipò àwo tí ń yí, gẹ́gẹ́ bí Zoom R16 ti fi hàn ní 2009.

Àwọn àpótí àtijọ́ kò tíì tán nílẹ̀. Wọ́n wà lọ́jà àlòkù ní Amẹ́ríkà, ní Yúróòpù àti ní Japan, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ṣì ní orin ẹni tí ó kọ́kọ́ rà wọ́n nínú, orin tí kọ̀ǹpútà kò lè ṣàdédé kà bí a bá fa dísìkì náà yọ, nítorí ọ̀nà tirẹ̀ ni Roland fi kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀nà kan ni kí a wá ẹ̀rọ VS mìíràn tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́, kí a máa gbọ́ orin náà jáde níṣẹ́jú-níṣẹ́jú, kí kọ̀ǹpútà sì máa gbà á sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ náà ti ń ṣí ìdí àpótí, wọ́n ń tú dísìkì tí ó ti rẹ̀ jáde, wọ́n ń fi káàdì ìrántí sí àyè rẹ̀, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ lọ.